Ẹ Yẹ Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Wò Kí Ẹ Tó Ra Fítámì

Ẹ̀yin ìyálọ́jà wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa tí ẹ ń pàtẹ ní Mowe, ní Ibafo àti ní Ifo, ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ti ìdọ̀tí tí wọn kò tètè wá kó. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin wa tó ń bàlágà ni, àwọn tó wà láàárín ọdún 12 sí 18, àti ọ̀rọ̀ oògùn tí à ń rà fún wọn, èyí tí à ń pè ní fítámì, multivite tàbí blood tonic.

Kò sí ẹni tó ń ná ọjà wa tí kò mọ bó ṣe ń lọ. Bí mọ́tò bá ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, níwájú Ibafo tàbí Mowe, oníkiri á ti na ìgò sí ojú fèrèsé. Ní Ifo náà, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, ariwo wọn kì í jẹ́ ká gbọ́ ohùn oníbàárà wa. Wọ́n á ní oògùn náà ń fún ọmọ lẹ́jẹ̀, ó ń jẹ́ kó jẹun, ó ń jẹ́ kí ìwé yé e, ó sì ń jẹ́ kó sanra níbi tó yẹ kó ti sanra. Oògùn kan, iṣẹ́ mẹ́rin! Àwa tí à ń tajà mọ ohun tí à ń pè ní ìpolówó. Ọjà tí ẹnu bá pọ̀ lórí rẹ̀ tó báyìí, ńṣe ló yẹ ká tú u palẹ̀ ká wò ó dáadáa.

Èrò tiwa nìyí, a ò ní fi bò. Àwọn ọmọ wa obìnrin nílò ìrànlọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n multivite tí à ń rà lójú títì kọ́ ni ìrànlọ́wọ́ náà. Ohun tó yẹ kó ṣáájú ni ká yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò, ká mọ ohun tó ń dín in kù, ká wá fún un ní ohun tó bá a mu, ní ìwọ̀n tó yẹ. Oúnjẹ gidi sì gbọ́dọ̀ wà nídìí rẹ̀.

ÀÌTÓ Ẹ̀JẸ̀ KÌ Í ṢE IRỌ́

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ̀ ń bẹ̀rù lásán. Nínú ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018, èyí tí wọ́n ń pè ní NDHS, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin láti ọmọ ọdún 15 títí dé 49 wò. Nínú obìnrin 100, àwọn 58 ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Ẹ ka obìnrin mẹ́wàá tó wà ní ìlà ìsọ̀ yín, bíi mẹ́fà nínú wọn nìyẹn.

Ti ọmọbìnrin tó ń bàlágà tún le díẹ̀. Ara rẹ̀ ń dàgbà lẹ́ẹ̀kan náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nǹkan oṣù. Irin ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ bá sì ti ń jáde lóṣooṣù, irin ń bá a jáde. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ fi sọ pé ọmọbìnrin ọdún 14 sí 18 nílò irin mílígíráàmù 15 lójúmọ́, nígbà tí ọmọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ nílò 11 péré. Ẹ wá fi ibà kún un, nítorí pé ibà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ẹ fi aràn tó máa ń so mọ́ ìfun tó ń mu ẹ̀jẹ̀ kún un. Ẹ tún fi gààrí gbẹrẹfu láàárọ̀ kún un, nítorí pé ìyá ti jáde lọ ọjà kí ilẹ̀ tó mọ́. Kí ló kù tí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní kéré?

Àmì rẹ̀ ò farasin fún ẹni tó bá fojú sí i. Ọmọ á máa rẹ̀, á máa mí gúlegúle bó bá gun àtẹ̀gùn, òòyì á máa kọ́ ọ, inú ìpéǹpéjú rẹ̀ á funfun dípò kó pupa. Òmíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹfun tàbí yìnyín bí ẹni ń jẹ súùtì. Bí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ń kọjá ọjọ́ 7, tàbí tó ń pààrọ̀ páàdì ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, dókítà ló kàn. Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ má sì sáré lọ ra ìgò.

KÍ LÓ WÀ NÍNÚ MULTIVITE?

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ mú ìgò tàbí páálí tó wà nílé yín, ẹ ní kí ọmọ tó mọ̀wé ka ara rẹ̀ fún yín. Ẹ óò rí fítámì A, B1, B2, C, D. Ẹ wá irin. Nínú ọ̀pọ̀ multivite olówó pọ́ọ́kú, kò sí irin níbẹ̀ rárá. Ọmọ tí irin wọ́n lára rẹ̀, a ra oògùn tí kò ní irin fún un! Ó dà bí ẹni tó fẹ́ se ọbẹ̀ tó lọ ra àdí dípò epo. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Àwọn kan á ní, “Ṣebí ó ń ṣiṣẹ́, ìtọ̀ ọmọ mi ti pọ́n.” Fítámì B2 ló ń mú kí ìtọ̀ pọ́n bẹ́ẹ̀. Èyí tí ara kò nílò ló ń dà sílẹ̀. Owó ọjà wa ni ọmọ ń tọ̀ dànù yẹn.

Ṣé ẹ̀rí wà pé fítámì gbogbogbò ń ṣe ẹni tí ara rẹ̀ dá láǹfààní? Ní 2024, wọ́n gbé àbájáde ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Àgbàlagbà tó lé ní 390,000 tí ara wọn dá ni wọ́n fi ohun tó lé ní ogún ọdún tọ́pa wọn. Àwọn tó ń lo multivitamin lójoojúmọ́ kò pẹ́ láyé ju àwọn tí kò lò ó lọ. Àgbàlagbà ni àwọn yẹn o, wọn kì í ṣe ọmọge, ẹ̀jẹ̀ kọ́ sì ni wọ́n ń wò. A kàn sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé “lójoojúmọ́ ló dáa” tí oníkiri ń pariwo kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwádìí.

Èyí tó ní ẹ̀rí fún àwọn ọmọbìnrin ni irin pẹ̀lú folic acid. Ẹ ò ní lọ jìnnà kí ẹ tó rí i. Ní 2017, orílẹ̀-èdè Ghana bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní GIFTS. Wọ́n ń fún àwọn ọmọbìnrin ní iléèwé ní oògùn irin àti folic acid, ẹyọ kan lọ́sẹ̀, olùkọ́ ló sì ń fún wọn. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà wò lẹ́yìn ọdún iléèwé kan, iye àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó ti lọ sílẹ̀ láti bíi 25 nínú 100 sí bíi 20. Kò parí gbogbo ìṣòro, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó ṣé gbá mú ni, ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ló sì ti wá.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, náà sọ pé níbi tí àìtó ẹ̀jẹ̀ bá ti ń bá obìnrin 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jà nínú 100, kí wọ́n fún àwọn tó ń ṣe nǹkan oṣù ní irin mílígíráàmù 60 pẹ̀lú folic acid mílígíráàmù 2.8 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Wọ́n á lò ó fún oṣù mẹ́ta, wọ́n á sinmi oṣù mẹ́ta, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sì fi kún un pé níbi tí ibà pọ̀ sí, kí ìtọ́jú ibà wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n: iye irin, ọjọ́ tí a ó lò ó, ìgbà tí a ó sinmi. Ṣé oníkiri inú bọ́ọ̀sì máa ń sọ èyí fún yín?

FÍTÁMÌ NÁÀ LÈ PA ÈÈYÀN LÁRA

Ọ̀rọ̀ tí a máa ń gbọ́ ni pé, “Fítámì ni, kì í ṣe oògùn, kò lè ṣe nǹkan kan.” Ẹ gbọ́, àṣejù ni baba àṣetẹ́. Fítámì A kì í bá ìtọ̀ jáde, inú ẹ̀dọ̀ ló máa ń kóra jọ sí. Ìwọ̀n tí ọmọ ọdún 14 sí 18 kò gbọ́dọ̀ kọjá lójúmọ́ ni maikirogíráàmù 2,800. Bó bá pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́, ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Bí obìnrin bá sì lóyún, ó lè ba ọmọ inú jẹ́. Fítámì B6 tó bá pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́ ń ba iṣan jẹ́, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa kú tipiri.

Irin náà ńkọ́? Fesolate kan tó jẹ́ mílígíráàmù 200 ní irin tó tó 60 sí 65 nínú. Ìyá kan á fún ọmọ ní Fesolate, á fi blood tonic lé e, á tún fi multivite tó ní irin dé e lórí. Inú á máa run ọmọ, á máa bì, ìgbẹ́ á le. Ewu tó tóbi jù ni ti àwọn ọmọ kékeré inú ilé tó máa ń rò pé súùtì ni oògùn pupa yẹn. Irin tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè pa ọmọdé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e sókè níbi tí ọwọ́ wọn kò lè tó.

Àwọn ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS náà wà láàárín wa, tí ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń kéré. Kì í ṣe àìsí irin ló ń fà á ní gbogbo ìgbà, àwọn tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára púpọ̀ sì lè ní irin tó pọ̀ jù. Bí a bá lọ rọ irin sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára láìbéèrè, ìjàm̀bá ni. Ẹ fi ti dókítà rẹ̀ ṣe.

Ti “kó sanra níbi tó yẹ” ló ń bí wa nínú jù. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ cyproheptadine. Àwọn dókítà ń lò ó fún ara yíyún àti imú tó ń ṣomi. Ó máa ń mú ebi pa èèyàn, ó sì máa ń mú oorun kun èèyàn. Òun ni wọ́n ń fi sínú omi dídùn kan tó ń jẹ́ Apetamin, tí wọ́n wá fi fítámì bo orúkọ rẹ̀. Ní 2021, BBC fi hàn bí àwọn ọmọge ní ìlú Òyìnbó ṣe ń rà á kí ìdí wọn lè tóbi. Àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé àwọn kò fọwọ́ sí i, àti pé ìròyìn ti dé etí àwọn nípa ẹni tó kó wàhálà ọkàn, ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ nídìí rẹ̀. Ọmọ tó ń tòògbé ní kíláàsì tí olùkọ́ ń nà, ó lè jẹ́ omi inú ìgò ló ń ṣe é. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń lò, nítorí owó oúnjẹ tí ẹ fún wọn ni wọ́n fi ń rà á.

Ẹ tún rántí pé omi inú ìgò kò ní ojú tí a fi ń mọ̀ ọ́n. Ní ìparí 2008, oògùn ọmọ tó ń hu eyín tí wọ́n ń pè ní My Pikin pa ọmọ 84 ní Nàìjíríà, nítorí pé èròjà olóró wọ inú rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ṣe é. Èyí kì í ṣe fítámì, ṣùgbọ́n ìgò ni ìgò. Ti pé ó dùn lẹ́nu kò fi hàn pé ó mọ́. Àwa tí à ń ta epo àti bọ́tà sì mọ ohun tí oòrùn ń ṣe sí ọjà. Oògùn tí ara páálí rẹ̀ sọ pé kí wọ́n gbé e sí ibi tútù, tó wá ń yan nínú oòrùn láti àárọ̀ títí di alẹ́, kí ló kù nínú rẹ̀?

Ẹ̀YIN TÍ Ẹ Ń TÀ Á

A mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ń jẹun nídìí òwò yìí. A ò bá oúnjẹ ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n òfin wà. Òfin oògùn ayédèrú tí ìjọba ológun gbé jáde ní 1988, tí wọ́n sì tún ṣe ní 1999, kò gbà kí èèyàn máa kiri oògùn tàbí kó máa tà á nínú ọjà, ní gáréèjì, nínú bọ́ọ̀sì tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láìní ìwé àṣẹ. Ní oṣù kejì ọdún 2025, NAFDAC pẹ̀lú àwọn agbófinró ya wọ àwọn ọjà oògùn ńlá ní Ìdúmọ̀tà l'Ékòó, ní Onitsha àti ní Aba, wọ́n ti ìsọ̀ pa. Ẹni tí kò ta oògùn ayédèrú rárá náà kò rí ìsọ̀ rẹ̀ ṣí. Ṣé ẹ fẹ́ kí irú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa nítorí àwọn oníkiri mélòó kan? Ẹni tó bá fẹ́ ṣe òwò oògùn, kó gba ìwé àṣẹ, kó ní ìsọ̀ tó ní òrùlé, kó sì ní apòògùn tó mọ iṣẹ́.

OHUN TÍ A FẸ́ KÍ Ẹ ṢE

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nítorí náà, a ń gbé nǹkan mẹ́ta síwájú ìpàdé gbogbogbò wa.

Èkíní, kí ẹgbẹ́ dá àwọn oníkiri oògùn dúró nínú ọjà wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí a ṣe ń lé ẹni tó ń ta ẹran òkú, bẹ́ẹ̀ náà ni ká ṣe sí wọn.

Èkejì, kí àwọn aṣojú wa lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n bẹ àwọn nọ́ọ̀sì kí wọ́n wá yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọbìnrin wa wò nígbà ọlidé, kí ẹgbẹ́ sì dá sí owó rẹ̀. Tẹ́ẹ̀sì yìí kò le, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti ìka ti tó. Àwọn kan ń pè é ní PCV, àwọn kan ń kà á ní gíráàmù. Bí ti ọmọ yín bá wà lábẹ́ 12 ní gíráàmù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó nìyẹn, wọ́n á sì sọ ohun tí ẹ máa ṣe. Ẹ tún bèèrè oògùn aràn. Ẹni tó bá ní tẹ́ẹ̀sì wọ́n, kó ṣe ìṣirò iye ìgò tó ti rà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún.

Ẹ̀kẹta, ká kọ ìwé sí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn pé kí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ iléèwé wa bí Ghana ti ṣe fún tiwọn. Ohun tí ìjọba bá fi ìwọ̀n fún ọmọ ní iléèwé dáa ju ohun tí oníkiri fi ariwo tà lọ.

Nínú ilé, ohun tó máa ṣe wá láǹfààní wà lórí àtẹ wa. Ẹ̀dọ̀ màlúù díẹ̀, ẹja, ìgbín, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ, irin wà nínú gbogbo wọn. Bí ọmọ bá jẹ ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́, kó fi ọsàn tàbí gúáfà tì í, á jẹ́ kí ara gba irin inú rẹ̀. Kó má mu tíì mọ́ oúnjẹ náà, nítorí pé tíì ń lé irin dànù. Iyọ̀ tí à ń tà ti ní ayodíìnì. Láti 2002 ni òfin sì ti sọ pé kí wọ́n máa fi fítámì A sínú ṣúgà, fúláwà àti òróró. Fítámì tí oníkiri ń tà fún wa, díẹ̀ nínú rẹ̀ ti wà nínú ìsọ̀ wa tẹ́lẹ̀.

Bí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà bá sọ pé kí ọmọ lo fítámì, ẹ rà á ní kẹ́míìsì tó ní ìwé àṣẹ, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti déètì rẹ̀, ẹ má sì fi òmíràn kún un. A ò sọ pé kí ẹ má ra oògùn o. A ní kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà, bí ẹ ṣe máa ń fọwọ́ wo ìrẹsì kí ẹ tó san owó rẹ̀.

Ọlọ́run á bá wa tọ́ wọn. Àwọn ọmọbìnrin yìí ni yóò jókòó sí ìsọ̀ wa lọ́la, àwọn kan nínú wọn ni yóò di nọ́ọ̀sì àti dókítà tí yóò tọ́jú wa. Ẹ mú àbá yín wá sí ìpàdé.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́